Mọ Ibi Tí O Máa Dúró Sí Kí O Tó Ra Ìbọn

Kò sí ìbọn airsoft kan tó dára ju gbogbo ìyókù lọ. Èyí tó bá iṣẹ́ ẹni mu ló wà, iṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ ti yé èèyàn kí owó tó jáde lápò rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe eré yìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú igbó Kent àti nínú àwọn ilé ńláńlá tí wọ́n ti pa tì, mo sì máa ń bá àwọn èèyàn tú ìbọn wọn palẹ̀, kí n tún un tò. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń wọ inú eré náà báyìí, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń gbé wá: "Ẹ̀gbọ́n, ìbọn wo ni kí n rà?" Ìbéèrè ni èmi náà fi ń dá wọn lóhùn. Bí wọ́n bá fọn fèrè, níbo lo máa wà? Ṣé iwájú ni, níbi tí wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn wọlé? Ṣé àárín ni, láàárín àwọn ará ikọ̀ rẹ? Àbí ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí èèyàn ti lè dùbúlẹ̀ sínú ewé fún wákàtí kan kó má sì yìn ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ? Ẹni tí kò bá tíì lè dáhùn èyí, kó ṣì fọwọ́ mú owó rẹ̀.

Ọta ike roboto, tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mílímítà 6 lọ, ni ìbọn airsoft ń yìn. Ilẹ̀ Japan ni eré náà ti gbilẹ̀, nítorí pé òfin ibẹ̀ kò jẹ́ kí aráàlú ní ìbọn gidi bó ṣe wù wọ́n. Ní 1991 ni ilé iṣẹ́ Tokyo Marui gbé ìbọn FAMAS rẹ̀ tó ń lo bátìrì jáde, láti ìgbà náà ni ìbọn oníná sì ti gba pápá. Bátìrì ń yí mọ́tò kékeré, mọ́tò ń yí eyín irin inú gíábọ́ọ̀sì, eyín irin ń fa písítìnnì sẹ́yìn títí sípíríńgì yóò fi há gádígádí. Bí ó bá jù ú sílẹ̀, afẹ́fẹ́ tó wà nínú sìlíńdà níwájú písítìnnì ni yóò ti ọta jáde. Kò sí ẹ̀tù níbẹ̀, kò sí ohun tó ń jó.

Ọta yìí kì í fi ọ̀dà sára èèyàn. Ẹni tó bà nìkan ló mọ̀ pé ó bà òun, òun fúnra rẹ̀ ni yóò nawọ́ sókè, tí yóò kígbe "Hit!", tí yóò sì kúrò lójú ìjà. Ìwà ọmọlúàbí ló gbé eré náà dúró. Mo sọ èyí níbẹ̀rẹ̀ nítorí pé ó kan ọ̀rọ̀ ìbọn rírà ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí mo bá bá àwọn èèyàn níbi tí wọ́n ti ń jà pé ẹnìkejì ń parọ́, pé ó bà á kò jáde, tí a bá wò ó dáadáa, ọta wọn kò débẹ̀ rárá ni. Ó ti wọlẹ̀ ní mítà mẹ́wàá sí ẹni náà, tàbí kó ti fò kọjá lórí rẹ̀. Inú irú ìbínú yẹn ni èèyàn ti máa ń lọ ra sípíríńgì tó le sí i, tí yóò sì tún ba ìbọn náà jẹ́ sí i.

Agbára ni ọ̀dọ́ kọ́kọ́ máa ń béèrè, agbára náà sì ni òfin ti dá ààlà fún. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin Policing and Crime Act ti 2017 sọ pé ìbọn airsoft tó lè da ọta léraléra lẹ́ẹ̀kan tí a bá fà á kò gbọdọ̀ kọjá joule 1.3, èyí tó ń yìn lọ́kọ̀ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ kọjá joule 2.5. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, òfin kò kà á mọ́ airsoft mọ́, ọ̀rọ̀ ìbọn gidi ló kù, èèyàn sì lè fi ẹ̀wọ̀n jura. Ọ̀pọ̀ pápá tún sọ̀ ti ìbọn tó ń da ọta léraléra kalẹ̀ sí i: ẹsẹ̀ bàtà 350 ní ìṣẹ́jú àáyá kan pẹ̀lú ọta gírámù 0.20, èyí tó jẹ́ bíi joule 1.14. Láàárọ̀, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀rọ wọn eré ọta ìbọn kọ̀ọ̀kan. Gbogbo àwa tó ń lo irú ìbọn yẹn la jọ wà lábẹ́ àjà kan náà nìyẹn. Àwọn ará Japan kò tilẹ̀ gbọdọ̀ kọjá joule 0.98 láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe òfin tiwọn ní 2006, síbẹ̀ ìbọn tí wọ́n ń ṣe, bí o ṣe yọ ọ́ nínú páálí, ń bá èèyàn níbi tí ìbọn tí wọ́n ti kó irin líle sínú rẹ̀ kò dé. Ibòmíràn ni iṣẹ́ wà.

Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní hop-up. Rọ́bà kékeré kan ni, tó wà níbi tí ọta ti ń wọ inú ọ̀pá ìbọn. Bí ọta bá ń kọjá, rọ́bà náà á tẹ̀ ẹ́ lórí, ọta á wá máa yí sẹ́yìn bó ṣe ń lọ síwájú. Yíyí yẹn ló ń mú kí afẹ́fẹ́ gbé e ró. Láìsí i, ọta ike tó fúyẹ́ báyìí á kàn lọ ṣubú lọ́ọ̀ọ́kán ni. Ọ̀pọ̀ ìbọn ló ní ibi tí a ti ń yí i láti tẹ rọ́bà náà mọ́lẹ̀ tàbí láti gbé e sókè, ó sì ń dùn mí bí mo bá rí ẹni tó ti ra ìbọn láti ọdún tó kọjá tí kò tíì fọwọ́ kan ibẹ̀ rí. Lọ sí ibi tí wọ́n ti ń dán ìbọn wò ní pápá, yìn ín sí ọ̀kánkán, kó o sì fara balẹ̀ wo ọta. Bó bá jáde tó ń gòkè lọ sójú ọ̀run, rọ́bà ti tẹ̀ ẹ́ jù. Bó bá wọlẹ̀ kó tó lọ jìnnà, kò tẹ̀ ẹ́ tó. Ohun tí à ń wá ni kí ọta lọ gbọọrọ, kó fẹ́ gbéra díẹ̀ níparí ìrìn rẹ̀, kó tó wálẹ̀. Ìbọn oníná tí wọ́n tò dáadáa, tí kò rú òfin pápá, ó yẹ kó lè bá èèyàn ní mítà 50.

Ìwọ̀n ọta náà ń bá rọ́bà yìí ṣiṣẹ́ pọ̀. Gírámù 0.20 dára fún ẹ̀rọ tó ń wọn eré ọta, ṣùgbọ́n nínú igbó, atẹ́gùn á máa gbé e kiri. Ọta tó wúwo kì í tètè gbọ́ ti atẹ́gùn. Ó lè lọ́ra díẹ̀ ní ẹnu ìbọn o: níbi joule 1.14, ọta 0.20 ń sá mítà 107 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ọta 0.28 ń sá mítà 90. Ṣùgbọ́n èyí tó wúwo kì í tètè rẹ̀, ó ń lọ síbi tí a fojú sun. Mo máa ń lo 0.25 nínú ilé àti 0.28 tàbí 0.30 nínú igbó, àwọn tó máa ń jẹrà ni mo sì máa ń rà fún igbó, nítorí ilẹ̀ onílẹ̀ là ń fọ́n wọn sí. Má ra ọta tí kò lórúkọ. Ọta tí kò rí roboto dáadáa lè há sínú ọ̀pá ìbọn, á sì ya rọ́bà náà.

Nítorí náà, bí owó bá wà láti ná lórí ìbọn tó o ti ní, ra ọta gidi ná. Lẹ́yìn náà, fi aṣọ mímọ́ àti ọ̀pá ìnu-ìbọn nu inú ọ̀pá rẹ̀. Bí ó bá ṣì ń fọ́n ọta kiri, pààrọ̀ rọ́bà hop-up. Rọ́bà tó rọ̀ ló bá ìbọn tí agbára rẹ̀ mọ níwọ̀n mu, èyí tó le díẹ̀ ló bá ìbọn snáípà mu. Òróró sílíkónì tí àwọn kan ń fín sínú ọ̀pá ìbọn kò gbọdọ̀ débi rọ́bà yìí. Ọta á kàn máa yọ̀ kọjá lábẹ́ rẹ̀ ni. Wò ó bóyá afẹ́fẹ́ ń jò lórí písítìnnì tàbí níbi tí ọta ti ń wọlé, nítorí ìbọn tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń jò kì í yìn bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀pá inú tó fún jù, mílímítà 6.03 dípò 6.08, ìgbẹ̀yìn ló yẹ kó wá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi í ṣáájú, owó rẹ̀ sì máa ń dùn wọ́n.

Bí èyí bá ti yé wa, a lè wá sọ̀rọ̀ nípa ipò.

Ẹni tó bá fẹ́ràn inú ilé, ìbọn kúkúrú ni tirẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò fẹ̀, igun ilé pọ̀, ọ̀tá lè wà ní mítà márùn-ún sí ọ. MP5 tàbí M4 kúkúrú ṣe é yí láti èjìká ọ̀tún bọ́ sí ti òsì nígbà tí igun bá wà lọ́wọ́ òsì. Ẹni tí kò bá kọ́ ìyẹn, ara rẹ̀ á máa yọ síta kí ìbọn rẹ̀ tó yọ. Ọ̀pọ̀ pápá inú ilé ni kò gbà kí a da ọta léraléra, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni, nítorí náà kí ìbọn yára dáhùn ìka ló ṣe pàtàkì ju kó máa sáré lọ. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ọ̀pá kúkúrú kì í yìn jìnnà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà bá ti tó ọ̀pá náà, tí rọ́bà rẹ̀ sì dára, ìbọn kúkúrú máa ń lọ bá ìbọn gígùn lẹ́sẹ̀ kan náà. Ọ̀pá tó gùn ju afẹ́fẹ́ lọ gan-an ló máa ń fa ọta sẹ́yìn. Awò aláàmì pupa ló yẹ ibẹ̀, kó o sì fi irin gbé e ga. Ìdí ni pé ìbòjú ni a máa ń wọ̀ nínú ilé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò sì ní lè sún mọ́ ìdí ìbọn bó ṣe yẹ. Mo ti rí àwọn tó ra awò olówó ńlá tí wọn kò lè fojú kàn án látẹ̀yìn ìbòjú wọn.

Ipò tí mo fẹ́ràn jù ni ti àárín, ti ẹni tó ń bá ikọ̀ rìn nínú igbó láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Òun ni wọn kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀, òun ló sì ń mú kí ikọ̀ borí. M4 ni mo máa ń gba ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn sí, nítorí kò sí ibi tí èèyàn kò ti lè rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà. AK náà dára, gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní version 3 sì lágbára. Version 2 tó wà nínú M4 máa ń là níwájú bí sípíríńgì bá le jù. Nọ́ńbà orí sípíríńgì ń sọ iye mítà tí ọta 0.20 á sá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà M100 ti tó fún pápá púpọ̀. Ohun tó ń rẹ èèyàn nínú igbó ni ìwọ̀n. Gbogbo ohun tí o bá gbé sórí ìbọn láàárọ̀, ọwọ́ rẹ ni yóò máa gbé e kiri lọ́sàn-án. Okùn olójú méjì, awò kan tó rọrùn, ó tó. Máa lo mágásíìnì tó gba ọta 100 sí 150. Èyí tó ń gba 300, tí à ń fi ọwọ́ yí, máa ń dún ṣakaṣaka bí o bá ń sáré, kò sì sí bí o ṣe lè fi ìyẹn yọ́ lọ bá ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ bátìrì kò ṣe é fojú fò. LiPo fólítì 7.4 ti tó fún ìbọn tí wọn kò tíì fọwọ́ kan. Fólítì 11.1 máa ń mú kí ìbọn dáhùn ìka kíákíá, ṣùgbọ́n ó máa ń jó irin pẹlẹbẹ tí iná ń gbà kọjá níbi tí à ń fà, àyàfi bí èèyàn bá fi MOSFET sí i láti gba ẹrù iná náà. LiPo tó bá ti wú, má tún fi í sínú ìbọn. Má fi í sílẹ̀ lórí ṣájà kó o lọ sùn. Bí eré bá parí, fi í sí ìwọ̀n fólítì 3.8 fún sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan kó o tó gbé e pamọ́ di ọ̀sẹ̀ mìíràn.

Ẹni tó bá ń gbé M249 tàbí PKM fún ikọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí orí àwọn ọ̀tá má lè yọ, kí àwọn tirẹ̀ lè rìn. Àpótí ọta rẹ̀ lè gba 2,000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìbọn náà sì wúwo gan-an. Ẹni tí apá àti ẹ̀yìn rẹ̀ bá lè gbà á ni kó gbé e.

Snáípà ni gbogbo ọ̀dọ́ ń fẹ́. Fíìmù ló fà á, mi ò sì bá wọn jà lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń kó sí. Pápá púpọ̀ gbà kí ìbọn tó ń yìn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a ń fọwọ́ fà, dé ẹsẹ̀ bàtà 500 pẹ̀lú ọta 0.20, bíi joule 2.32, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà láàárín mítà 30 sí ọ, o kò gbọdọ̀ fi í yìn ín. Ìbọn ìléwọ́ ni o ní láti fà yọ fún onítọ̀hún, ìyẹn sì jẹ́ owó mìíràn. Èyí tó ń lo gáàsì kì í sì í ṣiṣẹ́ dáadáa nínú òtútù oṣù kìíní. Bí o bá yọ mítà 30 yìí kúrò nínú mítà 70 tàbí 80 tí ìbọn tí wọ́n tò dáadáa lè dé, wà á rí i pé ilẹ̀ tí snáípà ń jẹ ju ti àwọn yòókù lọ kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀. Ohun tó ń fi jẹun ni pé wọn kò rí i, wọn kò sì gbọ́ ọ. Bí ọdẹ tó gun ègùn lóru ni iṣẹ́ rẹ̀ rí: ó ti mọ ojú ọ̀nà tí ẹran máa gbà, ó ti jókòó kí ẹran tó dé, kò sì ní wúkọ́.

Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ pé kí snáípà bẹ̀rẹ̀ láti orí rọ́bà àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́. VSR-10 ti Tokyo Marui ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé hop-up rẹ̀ dára láti ilé iṣẹ́, ẹ̀yà ara tí èèyàn lè fi kún un sì pọ̀ lọ́jà. Ọta 0.43 tàbí 0.45 ló yẹ ẹ́. Níbi joule 2.32, ọta 0.45 ń sá nǹkan bíi mítà 101 péré ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹni tó bá rò pé agbára ni snáípà á rò pé ó ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n òun ló máa la ewé kékeré kọjá, tí á sì bá àyà èèyàn. Bí o bá fi sípíríńgì tó le sí i, ohun tó ń di písítìnnì mú níbi tí à ń fà gbọ́dọ̀ jẹ́ irin gidi, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á jẹ, ìbọn á sì máa yìn fúnra rẹ̀. Mi ò fẹ́ rí ìyẹn níbi tí èèyàn wà.

Àárín snáípà àti ẹni tó ń bá ikọ̀ rìn ni DMR wà: ìbọn oníná tí wọ́n ti tì pa kó má lè da ọta léraléra mọ́, tí pápá sì lè gbà kó le ju ti àwọn yòókù lọ díẹ̀, pẹ̀lú òfin ìjìnnà tirẹ̀. Pápá kan kì í bá èkejì mu lórí rẹ̀. Bi àwọn alámòójútó pápá tìrẹ léèrè kó o tó tò ó.

Ipò yòówù kó o yàn, ojú ló ṣáájú. Wo lẹ́tà tó wà lára gíláàsì ojú náà: nínú òfin EN 166, F túmọ̀ sí pé wọ́n fi bọ́ọ̀lù irin mílímítà 6 tó ń sá mítà 45 ní ìṣẹ́jú àáyá kan dán an wò, B jẹ́ mítà 120. B ni kó o rà, kó sì bo ojú yíká láìsí àlàfo. Eyín náà ṣe pàtàkì. Mo mọ àwọn tí eyín wọn kán. Má gbé ìbọn náà jáde láì fi sínú àpò tó bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá, kódà láti ẹnu ọ̀nà dé inú ọkọ̀. Ó dà bí ìbọn gidi lójú ẹni tó ń wò láti fèrèsé, ọlọ́pàá tí wọ́n bá sì pè kò ní dúró bi ọ́ bóyá ike ni. Àwa tí àwọ̀ wa dúdú kò gbọdọ̀ fi èyí ṣeré rárá.

Òfin Violent Crime Reduction Act ti 2006 kò jẹ́ kí wọ́n ta ìbọn tó jọ ti gidi fún ẹni tí kò bá ní ìdí tó bófin mu, kò sì sí ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 tó lè rà á. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà ni UKARA, àkọsílẹ̀ tó ń fi hàn pé eléré airsoft ni èèyàn: wà á kọ́kọ́ ṣeré ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ní pápá kan, kì í sì í ṣe láàárín àkókò tó kéré sí ọjọ́ 56. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń kùn sí i. Èmi fẹ́ràn rẹ̀. Yá ìbọn pápá lò ní gbogbo ìgbà yẹn. Lọ́jọ́ kan, tẹ̀ lé àwọn tó ń wọlé kọ́kọ́. Lọ́jọ́ kejì, dúró sí àárín, kó o sì máa ka iye ìgbà tí o yìn tí ọta rẹ kò débẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, jókòó sẹ́yìn, kó o mọ̀ bóyá ara rẹ lè gba ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn. Bí ọjọ́ náà bá pé, ara rẹ á ti sọ ohun tí ẹnu mi kò lè sọ fún ọ.

Bí o bá wá fẹ́ ra àlòkù, kò burú, àlòkù tí ẹni tó ni ín tọ́jú dára ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Yọ mágásíìnì kúrò, yìn ín lófo, kó o sì fetí sí i: ohùn tó mọ́, tó ṣe déédéé, dára, bó bá ń han bí ó ṣe ń yí, wọn kò to wọ́ṣà àárín eyín irin rẹ̀ dáadáa. Wo orí ìdè rẹ̀ bóyá wọ́n ti fi sikirú-dúráfà tí kò bá a mu jẹ ẹ́. Bèèrè bóyá ọwọ́ ẹlòmíràn ti wọ inú gíábọ́ọ̀sì, àti ohun tí wọ́n fi sí i. Wọn eré rẹ̀ pẹ̀lú ọta tí ìwọ fúnra rẹ á máa lò, nítorí ìbọn mìíràn wà tí agbára rẹ̀ ń ròkè bí ọta bá wúwo sí i, èyí tó bófin mu pẹ̀lú 0.20 sì lè rú òfin pẹ̀lú 0.30. Bí ẹni tó ń tà á bá kọ̀ láti jẹ́ kó o dán an wò, kí i pé ó dàbọ̀, kó o sì máa lọ.